Ọ̀nà Ló Ṣáájú Ojú Irin

Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan ọmọ, ó sì kan ìlú. Ẹni tí yóò tẹ ìlú dó ní láti wo ibi tí omi wà, ibi tí òkè wà, àti ọ̀nà tí àwọn aládùúgbò ń gbà lọ sí ọjà, kí ó tó mọ ibi tí yóò kọ́ ilé sí. Ìlú tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí kò tóbi. A lè tò ó sórí tábìlì. Òun ni ìlú tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòṣe ojú irin: ilé tí gíga rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀nà tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka mẹ́rin lọ, afárá tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ń lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí eré ọwọ́dilẹ̀ yìí.

Ẹnì kan lè bi mí léèrè pé kí ló kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ohun ìṣeré òyìnbó. Ìdáhùn mi kò gùn. Lámèyítọ́ a máa wo ohun tí ènìyàn dá sílẹ̀ láti inú ọkàn rẹ̀, yálà ewì ni o, tàbí ère, tàbí orin. Kò sì sí ibi tí èrò ọkàn ti ń hàn tó ibi tí kò sí ẹni tó lè takò ó. Ẹni tó ń to ojú irin kékeré ni ọba ibẹ̀, òun ni ajẹ́lẹ̀, òun náà ni ẹnjiníà. Bí ó bá la ọ̀nà gba àárín oko kọjá, kò sí olóko tí yóò pè é lẹ́jọ́. Bí ó bá wó ilé, kò ní san owó gbà-máà-bínú fún onílé. Nítorí náà, bí ó bá ṣe to ọ̀nà àti ilé rẹ̀ ni a ó fi mọ ohun tó gbà gbọ́ nípa àwọn ènìyàn àti ibùgbé wọn.

Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé ojú irin ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò. Wọn a gbé pákó kalẹ̀, wọn a to irin yípo lórí rẹ̀, wọn a sì fi ibi tí ọkọ̀ yóò ti yà kún un. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó ń wo àlàfo tó ṣẹ́ kù. Wọn a ra ilé tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún títà, wọn a gbé ṣọ́ọ̀ṣì sí igun kan, wọn a gbé ilé ọtí sí igun kejì, wọn a wá fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú fa ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà náà a bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ilẹ̀kùn tésàn, a sì parí sí etí pákó, bí ẹni pé ayé ti tán níbẹ̀. Ojú a rí ìlú, ṣùgbọ́n ọkàn kò ní gbà á. Kò sí ẹni tó lè sọ ohun tí àwọn ará ìlú náà ń ṣe níbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Ohun tí mo fẹ́ fi múlẹ̀ nínú àròkọ yìí kò ju ọ̀kan lọ: àwòṣe ojú irin tó tó kí á pè ní iṣẹ́ ọnà ni èyí tí ọ̀nà àti ilé ti ṣáájú ojú irin débẹ̀ nínú ọkàn ẹni tó ṣe é.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi èyí han àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni John Ahern, ará Lọ́ńdọ̀nù kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àfonífojì kékeré kan sínú ilé rẹ̀ ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1930. Ó pè é ní Madder Valley. Àfonífojì yìí kò sí níbikíbi nínú ayé. Ìlú èbúté kan tó ń jẹ́ Madderport wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, Much Madder wà lókè, ojú irin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan ló sì so wọ́n pọ̀. Orúkọ ìlú wọ̀nyí ní ẹ̀rín nínú fún ẹni tó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí wọ́n ń ṣeré lórí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí wèrè. Bí orúkọ ti jẹ́ àwàdà tó, kíkọ́ rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ahern kọ ìwé lórí bí a ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré, ó kọ òmíràn lórí ilé, ó sì kọ òmíràn lórí ìrísí ilẹ̀. Nínú ìwé mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ni ó fún ọkọ̀. Èyí fi bí ó ti pín ọkàn rẹ̀ hàn. Lójú rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ará ìlú. Kì í ṣe olórí ìlú.

Lónìí, Madder Valley wà ní ìpamọ́ ní Pendon, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan tó wà ní abúlé Long Wittenham, ní agbègbè Oxfordshire. Pendon yìí gan-an ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ dúró lé lórí. Ẹni tó dá a sílẹ̀, Roye England (1906–1995), kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Ọsirélíà ni wọ́n bí i sí, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1925. Ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Vale of White Horse, ó rí àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi ẹfun, òkúta, igi àti bíríkì kọ́, tí wọ́n sì fi koríko bò. Ó tún rí i pé wọ́n ń wó wọn, pé wọ́n ń ṣí koríko orí wọn kúrò, tí wọ́n ń fi òrùlé ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí páànù ti lé koríko bẹẹrẹ kúrò lórí ilé ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ yóò mọ irú ohun tó dun ọkùnrin yìí. Kò ní agbára láti dá ìparun náà dúró. Ó pinnu láti fi páálí kọ́ àwọn ilé náà ní kékeré, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí bí wọ́n ti rí ní nǹkan bí ọdún 1930. Láti 1954 ni iṣẹ́ yìí ti wà ní Long Wittenham, àwọn olùfọkànsìn tí kò gba owó oṣù sì ni ó ń bá a lọ.

Ìlànà wọn rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Wọ́n máa ń lọ sí ìdí ilé gidi, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a ya àwòrán rẹ̀, wọn a wo ibi tí ògiri ti san àti ibi tí òrùlé ti tẹ̀. Nígbà náà ni wọn yóò tó gé páálí. Ẹsẹ̀ bàtà kan ní ayé yìí di mílímítà 4 ní Pendon, ìyẹn ni pé ohun kọ̀ọ̀kan kéré sí ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 76. Bíríkì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi irin mímú là lórí páálí, tí wọ́n sì ń kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé kan ṣoṣo lè gba ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ ènìyàn kan. Abúlé tí wọ́n to àwọn ilé náà sí, Pendon Parva, jẹ́ abúlé àròsọ, ṣùgbọ́n ilé tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Láti oríṣiríṣi abúlé agbègbè náà ni wọ́n ti wá.

Kí á tó lè mọ ìdí tí ọ̀nà Pendon fi yẹ ní wíwò, ó yẹ kí á mọ ìtàn ọ̀nà ní agbègbè náà. Lórí òkè tó wà ní gúúsù rẹ̀, àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ àwòrán ẹṣin ńlá kan sínú ẹfun ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Òun ni ó fún agbègbè náà ní orúkọ. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ridgeway gba orí òkè yìí kan náà kọjá, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju ti ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí ní ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà abúlé dé, èyí tó ń yí kiri nítorí pé oko ẹnì kan wà níhìn-ín, kànga wà lọ́hùn-ún. Ojú irin tí Isambard Kingdom Brunel fà láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Bristol kò dé àfonífojì náà títí di 1840. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni Brunel ń wá, kì í ṣe ìlú. Nítorí èyí ni ojú irin náà ṣe kọjá ní ibi tó jìnnà sí ìlú Wantage ju máìlì 2 lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ tésàn fún ìlú náà ní 1846, Wantage Road ni wọ́n pè é, ìyẹn ni pé ibi tí ọ̀nà Wantage wà ni, kì í ṣe Wantage fúnra rẹ̀. Àwọn ará ìlú ní láti ṣe ojú irin kékeré mìíràn lẹ́bàá títì ní 1875 kí wọ́n tó lè dé tésàn tiwọn ní ìrọ̀rùn.

Ìtàn yìí ni ó ń sọ fún ẹni tó ń ṣe àwòṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Ọ̀nà àtijọ́ kì í tọ́. Ojú irin ló máa ń tọ́. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ojú irin ni àlejò, ó sì ní láti san owó àlejò: afárá ni o, tàbí géètì, tàbí kí ọ̀nà ṣẹ́ kọ́rọ́ díẹ̀ kó tó ráyè kọjá. Ṣẹ́kọ́rọ́ kékeré yìí ni ẹ̀rí pé ẹnì kan ti ń rìn níbẹ̀ kí irin tó dé. Ilé pẹ̀lú ní ẹ̀rí tirẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ yóò jẹ́ ti ohun tí wọ́n wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹfun tàbí òkúta àdúgbò. Èyí tó wà lẹ́bàá tésàn lè jẹ́ ti òkúta pẹlẹbẹ tí ọkọ̀ ojú irin kó wá láti Wales. Bí ẹni tó ń ṣe àwòṣe bá to ilé kan náà kiri gbogbo abúlé, ó ti pa ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Nínú àwòṣe tí kò dára, gbogbo ilé ló ń kọjú sí ẹni tó ń wòran, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ilé gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà ni ilé ń kọjú sí, ó sì ń kọ ẹ̀yìn sí ojú irin. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé. Aṣọ tí wọ́n sá ni yóò rí, àti ilé adìẹ, àti igbá tó fọ́, ohun gbogbo tí onílé kò fẹ́ kí àlejò rí. Ẹni tó bá ní ìgboyà láti fi ẹ̀yìnkùlé han òǹwòran ni mo máa ń gbà pé ó mọ ilé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè sọ pé àyè ni kò sí. Òótọ́ ni. Bí a bá fi òdiwọ̀n Pendon ṣe ìṣirò, máìlì kan yóò gba nǹkan bí mítà 21. Ilé mélòó ni yàrá rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀? Kò sí àwòṣe tí kì í gé nǹkan kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn gé ni yóò dá a lẹ́jọ́, gẹ́gẹ́ bí ohun tí akéwì fò ti ń dá akéwì lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ a máa gé oko àti ọ̀nà kí ojú irin lè gùn. Ọlọ́gbọ́n a máa gé ojú irin kí ọ̀nà lè mí. Ó tún mọ bí a ti ń jẹ́ kí ọ̀nà jáde nínú ìran láìjẹ́ pé ó kú sí ẹsẹ̀ ògiri. Yóò mú un yà sẹ́yìn ilé kan, tàbí wọ abẹ́ igi, tàbí kó gba abẹ́ afárá. Yóò jẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀yìn kéré díẹ̀díẹ̀, kí ojú lè rò pé wọ́n jìnnà. Àwa tí a ń tẹ́tí sí ìtàn mọ ọgbọ́n yìí. Apàlọ́ kì í sọ gbogbo ìlú tí ìjàpá gbà kọjá, síbẹ̀ olùgbọ́ a mọ̀ pé ìjàpá ti ibì kan bọ̀, ó sì ń lọ sí ibì kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà náà, Ìbàdàn ti tó nǹkan bí àádọ́rin ọdún tó ti wà. Ọ̀nà ti ń tàn ká láti Ọjà'ba lọ sí ẹnu odi, oníbodè sì ti jókòó sí ìdí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Dùgbẹ̀, ní ìwọ̀ oòrùn ìlú àtijọ́, ni wọ́n kọ́ tésàn sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kóra jọ sí Gbági nítòsí rẹ̀, ìlú sì wá ní ojú méjì: èyí tó ń wo Mápó àti èyí tó ń wo tésàn. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún 2021, Moníyà, ní àríwá ìlú, ni ọkọ̀ dúró sí. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ yóò tún wá ọkọ̀ mìíràn kí ó tó dé ọkàn ìlú. Bí ti Wantage Road ti rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó fi rúlà fa ìlà sórí ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Àbújá ń ṣe ohun tí ẹni tó to irin yípo lórí pákó ń ṣe: ọkọ̀ ló kọ́kọ́ rí, ẹsẹ̀ ló rí gbẹ̀yìn. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ilé àwọn ènìyàn orí pákó kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni.

Ará ìlú a sì máa gbẹ̀san lára irú ìlà bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Òṣòdì àti Agége, àwọn oníṣòwò pàtẹ ọjà sí ojú irin gan-an. Bí ọkọ̀ bá fọn, wọn a kó igbá kúrò, bó bá kọjá, wọn a tún pàtẹ. Wọ́n sọ ojú irin di ọ̀nà, wọ́n sì sọ ọ̀nà di ọjà. Èmi kò tíì rí àwòṣe tó ní ẹ̀mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo yin Pendon, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á sọ ibi tó kù sí. Abúlé tí wọ́n kó ilé rẹ̀ jọ láti abúlé púpọ̀ ní ewu tirẹ̀. Àwa tí a ń kó ewì alohùn jọ mọ ewu náà. Akójọ-ewì a mú èyí tó dùn jù ní Ìsẹ́yìn, a mú èyí tó dùn jù ní Ìkirè, a dì wọ́n pọ̀ sínú ìwé kan, a sì pè é ní ewì Yorùbá. Lẹ́yìn ogún ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìlú kan wà tí gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Pendon Parva náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rinrin tó ń wọ inú ògiri ẹfun kò sí nínú páálí. Òtútù òru kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ìyàwó àgbẹ̀ ń pọn láti kànga kò wúwo. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó gbé inú ilé bẹ́ẹ̀ yọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí koríko kúrò lórí rẹ̀, bí ìyá tiwa náà ti yọ̀ lọ́jọ́ tí páànù dé. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ òrùlé kì í sábà jẹ́ ẹni tí òjò ń pa lábẹ́ rẹ̀. Pendon kò parọ́ nípa ògiri. Àárò ló fi ń wo ògiri náà, àárò kì í sì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, àléébù yìí kò tó kí á fi sọ iṣẹ́ náà nù. Ó fi wá sínú gbèsè kan. Ká ní ẹnì kan fẹ́ ṣe àwòṣe Ìbàdàn ti 1901 lónìí, kí ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ ìlú. Irin ni yóò rọrùn jù, nítorí àwọn tó ni ín wọ̀n ọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà àti ilé ni yóò dá a dúró. Kò lè ra ilé títà, nítorí agbo ilé wa kì í kọjú sí ọ̀nà bí ilé Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìn ni agbo ilé àtijọ́ kọ sí ọ̀nà. Ògiri rẹ̀ yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo inú, ẹnu ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo ará ilé sì ń gbà. Ta ni yóò sọ fún un bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti fẹ̀ tó, bí òrùlé ti ga tó láti ilẹ̀, ibi tí ojúbọ wà, ibi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́? Oríkì orílẹ̀ yóò sọ ẹni tó gbé ibẹ̀ fún un. Kò ní sọ iye ẹsẹ̀ bàtà.

A ti fi ọ̀rọ̀ pa ìtàn mọ́ dáadáa ní ilẹ̀ yìí, n kò sì ní kẹ́gàn ohun tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn agbo ilé tó ṣẹ́ kù ń wó lọ́dọọdún, òjò ń wọ ògiri amọ̀ wọn, àwọn ọmọ sì ń pín ilẹ̀ àgbàlá láti fi kọ́ ilé bíríkì. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀; kò yẹ kí á fi dandan mú ẹnikẹ́ni gbé inú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju teepu ìwọnlẹ̀, ìwé àti bírò lọ, kí á tó wó wọn. Mo ti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé bí wọ́n bá lọ gba oríkì lẹ́nu àgbà nínú agbo ilé kan, kí wọ́n wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n jókòó sí kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n sì ya àwòrán ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mẹ́ta nínú wọn ti kó ìwọ̀n wá fún mi, mo sì ti tọ́jú wọn pọ̀ mọ́ oríkì tó bá a lọ.